Omi Tí Wọ́n Ní Àwọn Fà

Ẹ̀gbẹ́ kànga ni wọ́n ti bá Fúnkẹ́. Ó dojú délẹ̀, ìfami onírọ́bà dúdú wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Táyé, ọmọ ilé ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i, òun ló sì kígbe tí gbogbo àdúgbò fi jáde. Nígbà tí ojúmọ́ mọ́ dáadáa tí ẹnìkan yọjú wo inú kànga, omi inú rẹ̀ funfun bí omi ògì. Òórùn oògùn kòkó gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni, nínú ọyẹ́ ọdún 1981, ní ìlú Osi. Wọ́n gbé Fúnkẹ́ sẹ́yìn Láńdírófà yunifásítì, ó di ọsibítù ní Òmù-Àrán. Kó tó di ọ̀sán, ọlọ́pàá ti mú Leah, opó tó ni kànga náà, wọ́n ti tì í mọ́lé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin àdúgbò ti kó yanrìn wá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ kejì àwọn yóò dí i pa, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Gbólóhùn yìí ni Sájẹ́ǹtì Ìbítóyè kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e wá láti Òmù-Àrán láàárọ̀ Túsìdeè, inú sì ti bí i kó tó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, ọmọ Koro, ìlú kan nítòsí Osi, ni, ọkùnrin gbígbẹ tó ga, tí ètè rẹ̀ máa ń ṣẹ́ sápá kan bí ẹni tí ọbẹ̀ kíkan ń rùn sí nímú. Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ènìyàn. Ó gbà pé ìdajì àwọn ènìyàn ayé ọ̀lẹ ni wọ́n, ìdajì tó kù òpùrọ́, àwọn tó bá sì já fáfá ń ṣe méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ ọlọ́pàá kò tíì fún un nídìí kan láti yí èrò náà padà.

Kọ́pùrù Ògúnmọ́lá, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá Osi, fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀. Ó ní kí ọ̀gá má wulẹ̀ ṣe wàhálà, iṣẹ́ ti parí. Leah ló ṣe é. Lójú gbogbo ènìyàn ló ṣe dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá tó ní ẹni tó bá ki ẹ̀rọ bọ kànga ọkọ òun, ojú rẹ̀ yóò rí nǹkan.

"Ìyẹn nìkan lo fi tì í mọ́lé?"

"Ọ̀gá, gbangba ló ti sọ ọ́."

"Ìyá tèmi náà máa ń sọ ní gbangba pé òun yóò pa bàbá mi. Bàbá darúgbó kùjọ́kùjọ́ kó tó kú, ikọ́ ló sì pa á."

Ògúnmọ́lá kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Ìbítóyè kò dúró kó rò ó tán. Ó ní kó mú òun lọ síbi kànga.

Ohun tó kó àwọn ọmọ yunifásítì wá sí Osi kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ìjọba ti ṣe ìlérí kànga ẹlẹ́rọ kan fún ìlú. Yunifásítì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta wá fi ọwọ́ ara wọn kọ́ bí a ṣe ń dán omi abẹ́ ilẹ̀ wò. Wọn yóò fi ṣọ́ọ̀kì kun okùn ìwọ̀n, wọn yóò sọ ọ́ sínú kànga láti mọ ibi tí omi wà. Wọn yóò fi ẹ̀rọ fa omi náà jáde títí yóò fi lọ sílẹ̀, wọn yóò dúró wò ó bó ṣe ń padà bọ̀. Wọn yóò rọ díẹ̀ sínú ìgò, wọn yóò sì fi ahọ́n tọ́ ọ wò bóyá ó ní iyọ̀ tàbí ìpẹtà. Ibi tí omi bá ti ń padà dáadáa ni ìjọba yóò gbẹ́ kànga sí. Ibi méjì ni wọ́n ń wò: ẹ̀yìnkùlé Leah, àti iwájú ilé Bàbá Olóyèdé, àgbẹ̀ olóko kòkó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wọ̀ sí nílé rẹ̀.

Wọ́n ti dán ti Leah wò ní Fúráìdè. Èsì tí wọ́n mú wá ni pé omi rẹ̀ tán kíákíá, kò sì padà. Nítorí náà, ilé Olóyèdé ni kànga ẹlẹ́rọ yóò wà.

Ìbítóyè dúró lẹ́nu kànga. Ògúndípẹ̀, ọkọ Leah, ló gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀ kó tó kú. Ó fi sìmẹ́ńtì mọ ẹnu rẹ̀ yíká, ó sì gbẹ́ àmì kan sára ògiri inú rẹ̀ níbi tí omi máa ń dúró sí bí ọyẹ́ bá mú gan-an. Omi funfun náà ṣì wà níbi àmì yẹn géérégé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, yanrìn àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú ga tó àyà ènìyàn. Ìbítóyè wo òkìtì náà, ètè rẹ̀ ṣẹ́. Àwọn tí kì í jáde bí wọ́n bá ní kí wọ́n wá ro ọ̀nà oko, àwọn ló yára kó yanrìn wá láti dí omi opó.

Ẹ̀rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ tapólì. Rọ́bà kan wà tó yẹ kó máa gbé omi jáde láti inú rẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ẹ lọ sétí ebè ata Leah, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí ata náà. Ìbítóyè lóṣòó. Ó fi ọwọ́ bu ilẹ̀ tó wà lẹ́nu rọ́bà. Eruku ni, ó kúnná bí èlùbọ́. Kò sí ibi tó sán, kò sí ipasẹ̀ kankan tó rì tó sì gbẹ. Ewé ata ti ká jọ nítorí òǹgbẹ. Aláǹtakùn ti ta òwú bo ẹnu rọ́bà náà, eruku ọyẹ́ sì ti bo òwú náà. Ó wò ó pẹ́.

Ògúnmọ́lá bi í pé kí ló ń wò.

"Eruku," ni Ìbítóyè wí, ó sì dìde.

Ó ránṣẹ́ pe Táyé. Ọmọkùnrin náà wá pẹ̀lú ojú pípọ́n, kò tíì sùn láti àná. Ó ní òun àti àwọn yòókù ń dán ti iwájú ilé Olóyèdé wò ní Fúráìdè. Jonah àti Fúnkẹ́ ni wọ́n yan kànga Leah fún, ṣùgbọ́n ibà dá Fúnkẹ́ dùbúlẹ̀, Jonah sì ṣe é lóun nìkan. Gbogbo àdúgbò gbọ́ ariwo ẹ̀rọ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Lọ́jọ́ kejì tí ara Fúnkẹ́ yá díẹ̀ ló gbọ́ èsì, ó sì yà á lẹ́nu, torí àwọn obìnrin àdúgbò ti sọ fún un pé kànga Leah ni àwọn ń sá lọ bí tàwọn bá gbẹ. Ó lọ bá Dọ́kítà Adégbìtẹ́, olùkọ́ wọn, pé kí wọ́n fa omi náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Dọ́kítà kùn, àmọ́ ó gbà. Wọ́n ní ó di Mọ́ńdè.

"Ó jí lọ ṣáájú wa," ni Táyé wí. "Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Á ti tọ́ omi náà wò, bí wọ́n ṣe kọ́ wa."

"Kò gbọ́ òórùn rẹ̀ ni?"

"Ọyẹ́ ti dí i nímú, sà. Láti ìgbà tí ibà ti mú un ló ti ń sọ pé òun ò gbóòórùn ọbẹ̀ pàápàá."

Ìbítóyè bi í pé ta ló gbọ́ nígbà tí Fúnkẹ́ ní kí wọ́n tún un ṣe. Táyé ní gbogbo àwọn ni, ibi oúnjẹ ni wọ́n ti sọ ọ́. Jonah pàápàá ló kọ́kọ́ ní ó dáa.

Dọ́kítà Adégbìtẹ́ wà nínú Láńdírófà lábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Osi, ó máa ń sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, yóò pàṣẹ, yóò sì tún gbé e sókè nítorí eruku. Bàtà rẹ̀ ń dán bí ti ọkọ ìyàwó. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ fún Ìbítóyè ni pé orúkọ yunifásítì kò gbọdọ̀ bà jẹ́. Kò tíì dárúkọ Fúnkẹ́.

Ìbítóyè bi í bóyá ó wà níbi kànga ní Fúráìdè. Ó ní kí lòun yóò wá débẹ̀ ṣe, òun ní Jonah. Ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Òun ti ṣètò tán pé òun yóò fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun lọ kàwé sí i tó bá parí lọ́dún yìí, kìkì pé kí iṣẹ́ Osi yìí ṣáà jáde dáadáa.

"Ẹ wá fi ìmọ̀ omi kọ́ wọn, ẹ ò sì fọwọ́ kan omi," ni Ìbítóyè wí.

Dọ́kítà ní òun kò gbọ́ ohun tó sọ. Ó gbé gíláàsì rẹ̀ sókè. Ìbítóyè rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá bọ́ sínú kànga, ó máa kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò bá a mú bàtà.

Jonah ló yàtọ̀ nínú wọn. Ó mọ́ tónítóní. Ó kí Ìbítóyè bó ṣe yẹ, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó gbé àga fún un. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn. Ó ní òun kò fẹ́ pa irọ́ mọ́ àgbàlagbà, òun jẹun nílé rẹ̀, àmọ́ òótọ́ lòótọ́. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òun gba ẹ̀yìnkùlé Leah kọjá, òun sì rí Bàbá Olóyèdé lẹ́nu kànga tí ó tẹ̀ mọ́ ọn.

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Mi ò rí ọwọ́ ẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n bó ṣe lọ tán ni mo gbóòórùn oògùn kòkó. Ó ń jáde látinú kànga gan-an."

"Ìrọ̀lẹ́ Sátidé."

"Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, sà. Ó dá mi lójú."

Ìbítóyè bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún Fúnkẹ́. Jonah sorí kọ́, ó ní òun kò mọ̀ pé nǹkan burúkú ni, ọmọ Èkó lòun. Ó ní òun kò ní lè dárí ji ara òun. Ìbítóyè bi í nípa ọjọ́ Sọ́ńdè. Ó ní ìkórè ni gbogbo ìlú lọ, Bàbá Olóyèdé sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù àti Dọ́kítà dání lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Òun nìkan ló dúró sílé. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ fọ ìgò.

Ọmọ dáadáa. Ìbítóyè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ṣẹ́ nígbà tó yí ẹ̀yìn padà. Ọmọ Èkó tí kò mọ nǹkan kan nípa oko, tó fi imú lásán mọ oògùn kòkó yàtọ̀ sí kẹrosíìnì.

Bàbá Olóyèdé gbé ikùn rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òun alára tó yọ. Ó lówó, ó sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Kò bẹ̀rù láti fi yàrá ìkẹ́rùsí rẹ̀ hàn wọ́n. Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ọmọdé àti àlejò lè tọ́wọ́ sí. Agolo oògùn kòkó wà lórí pákó. Nígbà tó gbé e, ojú rẹ̀ yí padà. Kò sí ẹni tí í fín kòkó lásìkò ọyẹ́, kíkún ló sì fi agolo náà sílẹ̀ níparí òjò. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì báyìí.

"Àwọn ènìyàn ní ẹ wà lẹ́nu kànga Leah ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé," ni Ìbítóyè wí.

Olóyèdé ní irọ́ ni, oko lòun wà. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nínú ọyẹ́ tí ètè gbogbo ènìyàn ń là. Ìbítóyè tún un bi. Ó tún ní oko. Ògúnmọ́lá, tí orí rẹ̀ kì í gba ju afurasí kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ti ń wá ẹ̀wọ̀n ọwọ́ nínú àpò. Ìbítóyè ní kó dá a padà. Àgbàlagbà tó fẹ́ pa ènìyàn kì í fi agolo rẹ̀ han ọlọ́pàá tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ohun mìíràn ni bàbá yìí ń fi pamọ́.

Ó lọ bá Leah ní àgọ́.

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà tó wọ̀ lọ sí àdúrà òwúrọ̀ Mọ́ńdè, ó ti dọ̀tí lára rẹ̀. Kò sunkún. Ó béèrè ọmọbìnrin náà kó tó béèrè ara rẹ̀. Ìbítóyè ní ó ṣì wà láyé, kò tíì la ojú. Leah mi orí. Nígbà náà ló bi í pé ṣé wọ́n ti da yanrìn náà sí i.

"Wọn ò tíì dà á, màmá."

"Uṣẹ́ ọkọ mi ni kànga ọ̀hún. Òun ló kù fún mi nínú ulé yẹn. Bí ọ̀n bá dí i, kí ọ̀n kúkú sin mí mọ́ ọn."

Ìbítóyè bi í nípa ọjọ́ Fúráìdè. Ó ní òun lọ sóko láti àárọ̀ dé alẹ́ kí òun má baà rí i bí wọ́n ṣe ń ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́. Ó bi í pé ìgbà wo ló fa omi mu gbẹ̀yìn. Ó ní Sọ́ńdè, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ tó lù.

Ìbítóyè gbé ojú sókè. Ìyá rẹ̀ ní Koro ti jẹ́ Aládùúrà kó tó bí i, ó mọ̀ pé omi tí wọ́n bá fà lákòókò yẹn, àdúrà ni wọ́n ń gbé e lọ fún. "Omi ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Èmi ni mo máa ń gbé e lọ. Ìkòkò kan gbáko. Wòlíì gbàdúrà sí i, gbogbo wa mu ún. Ọmọ ọwọ́ náà mu."

"Ara ẹnikẹ́ni ò yá?"

"Kí ló fẹ́ ṣe wọ́n? Omi mímọ́ ni."

Ìbítóyè rọra bi í pé kí ni Olóyèdé wá ṣe lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Leah wo ilẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ojú tì í láti ìgbà tí wọ́n ti mú un.

"Ó gbé uṣu wá. Ó ní kí n fẹ́ òun. Ó tẹ̀ mọ́ ẹnu kànga ọkọ mi, ó ń bẹ̀ mí. Mo ní kó gbé uṣu rẹ̀ lọ ulé."

Ìbítóyè, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín, fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn àgbàlagbà méjì, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́wọ̀n, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ọ́, nítorí pé ìtìjú iṣu kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ó ní kí Ògúnmọ́lá ṣílẹ̀kùn, kó sì bá màmá bu omi bọ́jú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn ọkùnrin àdúgbò ti gbé ṣọ́bìrì dé. Ìbítóyè ní kí wọ́n fi ọwọ́ lérán ná. Ó pe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wá sẹ́yìnkùlé Leah. Ó ní kí Dọ́kítà Adégbìtẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, nígbà tí ó sì kọ̀, Ògúnmọ́lá ṣí ilẹ̀kùn fún un. Olóyèdé wà níbẹ̀, kò wo apá ibi tí Leah dúró sí.

Ìbítóyè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀kan wá nínú ìgò tirẹ̀, èyí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ó gba ti Jonah fúnra rẹ̀ nínú àpótí rẹ̀, ó gbọ́ òórùn ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi yan èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó bu omi látinú ìkòkò aládùúgbò kan, ó rọ ọ́ sínú gbogbo wọn, ó ní kí wọ́n mì í.

"Ẹ mu ún," ló wí.

Wọ́n wo ara wọn. Táyé kọ́kọ́ mu, ó gbé e mì. Àwọn yòókù mu. Jonah gbé ìgò tirẹ̀ lọ́wọ́.

"Ṣé ó dọ̀tí ni?" ni Ìbítóyè bi í. "Ìwọ lo fọ gbogbo wọn ní Sọ́ńdè."

"Òǹgbẹ ò gbẹ mí, sà."

"Kò gbẹ àwọn wọ̀nyí náà."

Dọ́kítà Adégbìtẹ́, tí oòrùn ti ń pa, ní kí Jonah mu omi náà jàre kí àwọn lè kúrò níbẹ̀. Jonah gbé ìgò sókè. Ìbítóyè gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kan ètè rẹ̀. Ó gbé e sókè sí oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Táyé. Ti Táyé mọ́ gaara. Ti Jonah ní ìkúùkù funfun nínú, bí omi tí a fi ṣan agolo mílíìkì. Ó nà án sí Olóyèdé. Olóyèdé fi sí imú, ó yí orí kúrò.

"Oògùn kòkó mi rèé," ló wí.

Ìbítóyè yíjú sí Jonah.

"O sọ fún mi pé o gbóòórùn oògùn nínú kànga ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ó dá ẹ lójú. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, màmá yìí pọn ìkòkò omi kan nínú kànga yìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ mu ún, àtọmọ ọwọ́. Ara gbogbo wọn le. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀ ní Sátidé. Lẹ́yìn tí gbogbo ìlú ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n dà á sí i. Bàbá Olóyèdé wà ní ìkórè. Dọ́kítà rẹ wà ní ìkórè. Ìwọ ń fọ ìgò, títí kan èyí tí o fi gbé oògùn wá síbí."

Jonah ní ó lè jẹ́ ẹlòmíràn. Ohùn rẹ̀ ti tinrín.

"Ó lè jẹ́. Jẹ́ kí á kúrò níbẹ̀. O fa omi kànga yìí ní Fúráìdè títí ó fi tán. Wá fi ibi tí o dà á sí hàn mí."

Jonah tọ́ka sí rọ́bà, sí ebè ata. Gbogbo ènìyàn wo ibẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ là á yé wọn. Olóyèdé bẹ̀rẹ̀, ó bu eruku, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ṣọ́bìrì wá sọ pé bí wọ́n bá da omi kànga kan síbẹ̀, ilẹ̀ yẹn ì bá ti sán bí ẹsẹ̀ arúgbó.

Táyé ló bi í, kì í ṣe ọlọ́pàá. "Jonah, ṣé o ò fa omi rárá ni?"

Ohùn ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni Jonah fi dáhùn, ìyẹn ló sì bí Ìbítóyè nínú jù lọ.

"Mo tan ẹ̀rọ náà kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Mo wá jókòó sábẹ́ máńgòrò, mo ń kàwé. Mo mọ irú àpáta tó wà níbí. Mo mọ ohun tó yẹ kí omi náà ṣe. Kí ló fẹ́ mú mi dúró nínú eruku láti àárọ̀ dé alẹ́ kí n máa wo ihò? Fúnkẹ́ wá ní kí á tún un ṣe. Bí omi náà bá padà lójú gbogbo wọn, Dọ́kítà á mọ̀ pé mo hùmọ̀ èsì náà ni. Òkè òkun á bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé bí kànga bá ti bà jẹ́, kò sí ẹni tí yóò tún fa á. Mi ò mọ̀ pé yóò dá lọ tọ́ ọ wò."

"Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni wọ́n ṣe kọ́ òun náà. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n sórí, òun ló ń ṣe é," ni Ìbítóyè wí. "O sì rí àgbàlagbà tó gbà ẹ́ sílé, o fà á lé wa lọ́wọ́. O rí opó kan nínú àtìmọ́lé, o lọ jẹun."

Dọ́kítà Adégbìtẹ́ fà á lápá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ọmọdé ni, ọmọdé a máa ṣe àṣìṣe, kí wọ́n jẹ́ kí yunifásítì fọwọ́ ara wọn bá a wí, kí ìwé ìròyìn má baà gbọ́.

"Ọmọdé tó wà ní ọsibítù ńkọ́?" ni Ìbítóyè bi í. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń retí kí ẹ dárúkọ rẹ̀."

Dọ́kítà wo bàtà rẹ̀.

Ògúnmọ́lá rí ẹni tó lè fi ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sí lọ́wọ́ wàyí, ó sì fi í sí i tayọ̀tayọ̀ bí ẹni pé òun ló mú un. Ìbítóyè kò ráyè tirẹ̀. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tan ẹ̀rọ wọn, kí wọ́n kọjú rọ́bà kúrò lára ata màmá sí ẹ̀bá ọ̀nà níta, kí wọ́n so gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì fa omi náà títí àpáta ìsàlẹ̀ yóò fi hàn. Wọ́n ṣe é. Nígbà tí rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í já, kò sí ẹlòmíràn nítòsí tó lè dì í mú àyàfi Dọ́kítà. Ìbítóyè wò ó láìsọ̀rọ̀ títí ó fi bọ́ bàtà, tó ká ṣòkòtò sókè, tó sì wọ inú ẹrẹ̀. Ó jọ ẹni tí wọ́n ní kó jẹ kòkòrò.

Omi náà lọ sílẹ̀. Ó padà. Wọ́n fa á, ó tún padà. Lójoojúmọ́ lọ́sẹ̀ náà ni wọ́n ń fa á, tí wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú ìgò tuntun lọ sí Ìlọrin fún àyẹ̀wò. Funfun rẹ̀ parẹ́ díẹ̀díẹ̀, òórùn rẹ̀ tán, omi sì dé àmì Ògúndípẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni tó ní àdéhùn níbẹ̀. Kò tíì sí ẹni tí wọ́n gbà láyè kó mu ún, àmọ́ kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dí i. Ìjọba kọ̀wé pé ẹ̀yìnkùlé Leah ni kànga ẹlẹ́rọ yóò wà.

Dọ́kítà ọsibítù ránṣẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá pé Fúnkẹ́ ti la ojú. Ohùn rẹ̀ kò tíì jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n ti fa omi kànga náà. Ìbítóyè gbọ́, ó ní Fúnkẹ́ nìkan ni yunifásítì náà rán wá sí Osi, ẹrù tí wọ́n fi dí ọkọ̀ ni àwọn yòókù.

Ọjọ́ tó fẹ́ padà sí Òmù-Àrán, ó gba ilé Leah kọjá. Omi tí wọ́n ti ń fà láti ọjọ́ yìí ti sọ gbogbo ọ̀nà iwájú ilé rẹ̀ di ẹrẹ̀ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ènìyàn kò lè kọjá. Leah dúró lẹ́nu kànga, ó na ọwọ́ sí òkìtì yanrìn tí wọ́n fẹ́ fi sin kànga náà. Ó ń pàṣẹ. Àwọn ọkùnrin tó kó o wá ló ń kó o lọ, tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí ẹrẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí ibi tẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé ojú sókè wò ó. Bàbá Olóyèdé wà láàárín wọn tòun ti ikùn rẹ̀, ó ru agbọ̀n yanrìn lórí.

Leah rí Ìbítóyè. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó rọra, yanrìn náà kò tíì dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀.

Ìbítóyè dúró de wọn títí wọ́n fi tẹ́ ẹ débẹ̀, ó sì gba orí rẹ̀ kọjá.